Aláboyún, Kí Ẹ Tó Ra Omi Ikọ́

Oògùn ni mo ń tà ní Ṣómólú. Bí aláboyún bá ní kí n gbé omi ikọ́ wá, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: oyún oṣù mélòó? Ikọ́ ti pé ọjọ́ mélòó? Ṣé ara ń gbóná?

Bí ikọ́ náà kò bá tíì le, ẹ po oyin ṣíbí kan àti ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyá nìkan ni o! Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin.

Bó bá di pé ẹ fẹ́ rà, ẹ yí ìgò náà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà ibẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná orí. Èmi gan-an, awò ni mo fi ń kà á. Bí ẹ bá rí codeine, èròjà tó ń dá ikọ́ dúró ṣùgbọ́n tó lè di bárakú, ẹ dá a padà. Ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé láti 2018, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá bímọ tán tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, codeine ń gba inú ọmú dé ara ọmọ, ó sì lè mú kí ọmọ sùn fọnfọn, kí ó má lè mí dáadáa. Pseudoephedrine, èròjà tó ń la imú dídí, ní tirẹ̀ lè dín omi ọmú kù.

Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló kàn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín ṣàyẹ̀wò TB, ìyẹn ikọ́ ẹ̀gbẹ.