Bí ẹ ṣe máa wo The Wire tí ẹ ò fi ní sá ní ẹpisóòdù kejì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bẹ̀rẹ̀ The Wire, fíìmù Amẹ́ríkà lórí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ń ta oògùn olóró ní ìlú Baltimore, tó jẹ́ pé ẹpisóòdù kejì ni wọ́n ti pa á, wọ́n á ní ó ń falẹ̀ jù, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń lé àtẹni tó ń sá. Mi ò dá wọn lẹ́bi jàre. Fíìmù ọlọ́pàá tó ti mọ́ wa lára, wọ́n á ti pa èèyàn kí orin ìbẹ̀rẹ̀ tó parí, ọlọ́pàá kan tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ á rí irun kan ṣoṣo nílẹ̀, kí wákàtí kan tó pé ọ̀daràn ti jẹ́wọ́, kálukú ti lọlé. The Wire ò rí bẹ́ẹ̀ o. Odindi síísìn kan ni wọ́n fi máa ń tọ ẹjọ́ kan pinpin, síísìn márùn-ún ló sì jẹ́, ẹpisóòdù 60, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO ló gbé e jáde láti 2002 sí 2008, tí síísìn bá sì parí ẹ lè jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa bi ara yín pé ta ló wá borí báyìí gan an. Ibẹ̀ gan an ni adùn ẹ̀ wà, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ tan subtitle. Òyìnbó tí àwọn ọmọ tó ń ta oògùn olóró ní West Baltimore ń sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ wa níléèwé, àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn lọ́tọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté náà ní tiwọn, kò sì sẹ́ni tó máa dúró ṣàlàyé fún yín. (Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé méjì nínú àwọn tó ń sọ ọ́ geerege yẹn, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n: Dominic West tó ṣe ọlọ́pàá McNulty, Sheffield ni, Idris Elba tó ṣe Stringer Bell, ọ̀gá kan nínú àwọn tó ń ta oògùn, London ni.) Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe fíìmù téèyàn ń wò nígbà tó bá ń ṣa ẹ̀fọ́, torí nǹkan tí ẹnì kan kàn dárúkọ fẹ̀rẹ̀ lónìí lè jẹ́ ohun tó máa tú gbogbo ẹjọ́ ní ẹpisóòdù márùn-ún sí i. Méjì lálẹ́ kan ti tó. Kẹ́ ẹ sì má lọ máa wá orúkọ wọn lórí Google o, tẹ́ ẹ bá fi lè tẹ "Omar Little" báyìí, ohun àkọ́kọ́ tó máa jáde ló máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ fún yín. Ẹ fún un ní ẹpisóòdù mẹ́rin kẹ́ ẹ tó ní ẹ ò ṣe mọ́, mo ní ìdí tí mo fi ní mẹ́rin.

Ìran àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ má fò ó. McNulty jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kan pẹ̀lú ọmọkùnrin kan, òkú wà lójú títì níwájú wọn. Snot Boogie ni wọ́n ń pe olóògbé. Gbogbo alẹ́ Friday ni àwọn ọmọ àdúgbò máa ń ta tẹ́tẹ́, tí owó bá ti pọ̀ nílẹ̀ Snot á kó o, á sá, wọ́n á lé e bá, wọ́n á lù ú, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á tún jẹ́ kó bá wọn ta. McNulty wá bi í pé kí ló dé tí wọ́n tún ń jẹ́ kó ta? Ọmọ yẹn ní dandan ni, pé ṣebí Amẹ́ríkà nibí. Òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí ẹnì kan wá pinnu pé lílù nìkan ò tó mọ́, òkú sùn. Gbogbo nǹkan tó kù nínú fíìmù yẹn, bó ṣe rí náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni kóòtù. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan D'Angelo Barksdale, ọmọ ẹbí tó ni ẹgbẹ́ tó ń ta oògùn, ẹlẹ́rìí yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n dá a sílẹ̀. Adájọ́ Phelan pe McNulty sí ọ́fíìsì ẹ̀, McNulty bá tú u síta pé àwọn Barksdale yìí ti ń pa èèyàn tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń wádìí wọn. Adájọ́ gbé fóònù, ó pe ọ̀gá ọlọ́pàá, ojú ti àwọn ọ̀gá, wọ́n wá fabínú yọ sí McNulty. Kí adájọ́ ṣáà lè panu mọ́ ni wọ́n ṣe kó ikọ̀ kan jọ, àwọn ọlọ́pàá tí ọ̀gá kálukú ti ń wá bó ṣe máa lé lọ, ọ̀mùtí, ọ̀lẹ, àwọn tó ń ka ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, wọ́n kó wọn sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan. Ṣẹ́ ẹ rí i? Kì í ṣe ìfẹ́ òdodo ló bí ẹjọ́ yẹn, ìtìjú ni. Tí ìyẹn bá ti yé yín, ohun tó kù á máa yé yín díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó máa ń ṣòro jù fún àwa tó ń wòran ni ká jáwọ́ nínú wíwá ẹni rere. A ṣáà fẹ́ mọ ẹni tá à ń gbè lẹ́yìn. Ẹ wo Prez, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá ikọ̀ yẹn (Pryzbylewski lorúkọ ẹ̀ gan an, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà gé e kúrú). Ní ẹpisóòdù kejì, òun àti Herc àti Carver tí wọ́n jọ wà ní ikọ̀ náà mutí yó, wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn ilé gogoro tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù lọ lóru pé àwọn fẹ́ lọ fi hàn wọ́n pé àwọn wà láyé, Prez bá fi ìbọn gbá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan lójú, ọmọ tí kò bá a jà. Ojú yẹn fọ́ títí láé. Ẹ máa kórìíra ẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wò níbẹ̀ ni Daniels, ọ̀gá wọn, ẹni tá a ti ń rò pé òun ló níwà jù nínú wọn. Ó bi Prez pé kí ló dé tó lu ọmọ yẹn, nígbà tí Prez sọ òótọ́ fún un, ó wá kọ́ ọ ní irọ́ tó máa sọ, pé kó ní ẹ̀mí òun ló wà nínú ewu. Báyìí báyìí, kò lọ́ra rárá. Ẹpisóòdù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, Prez yìí kan náà tí wọ́n ti ní kó lọ jókòó ti ìwé, òun ló jókòó tú kóòdù tí àwọn ọmọ Barksdale fi ń ránṣẹ́ síra wọn, inú yín á dùn, ẹ fẹ́ẹ̀ pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn ẹ̀ ni ojú ọmọ yẹn á wá sọ́kàn yín. Fíìmù náà ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dárí jì í, kò sì ní ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà lódì kejì. Ní ẹpisóòdù kẹta D'Angelo tá a mọ̀ pé ó pa èèyàn ń fi sùúrù kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní chess, tó bá yá Stringer Bell náà ń lọ kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé níléèwé, Omar ń fi ìbọn gba oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á àmọ́ kò jẹ́ bú èébú burúkú, kò sì ń fọwọ́ kan ará ìlú.

Ó dáa, kóòdù yẹn. Ẹ wo ojú nọ́ńbà fóònù yín, ẹ fo 5 kọjá: 1 di 9, 2 di 8, 3 di 7, 4 di 6, 5 àti 0 sì gbapò ara wọn, ó parí. Ayé pager (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gba nọ́ńbà téèyàn bá fi ránṣẹ́) àti fóònù ẹ̀bá títì ni wọ́n ṣì wà nígbà yẹn. Ìdí tí iṣẹ́ yẹn fi ń falẹ̀ ni pé ọlọ́pàá ò lè ṣàdédé máa tẹ́tí sí fóònù èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn adájọ́ pé àwọn ti gbìyànjú ọ̀nà míì tì, tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ ni wọ́n ń sọ wọ́n gbọ́dọ̀ pa á, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ẹnì kan tó lúgọ sórí òrùlé tó ń wo ẹni tó gbé fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ yẹn, jíjókòó tí wọ́n jókòó yẹn ò ní sú yín mọ́. Ẹpisóòdù kẹrin tí mo sọ lókè yẹn, ìran ilé ìdáná kan wà níbẹ̀ tí McNulty àti Bunk, ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀, ti ń wádìí ikú obìnrin kan, ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, èébú kan ṣoṣo ni wọ́n ń tún sọ níbẹ̀, ohùn ẹ̀ ló ń yí, síbẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló yé wa. Tí ìyẹn ò bá wọ̀ yín lára, mo fi yín sílẹ̀, ẹ lọ wo nǹkan míì.

Síísìn kejì gbé wa lọ sí èbúté, àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ á ní àwọn fẹ́ fò ó torí wọn ò rí àwọn ọmọ kọ́nà tó ti mọ́ wọn lára. Ẹ má fò ó, Frank Sobotka nìkan tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ wò ó, bàbá tó ń jalè kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ má bàa kú. Síísìn kẹta ni kẹ́ ẹ ti máa wo ọ̀rọ̀ nọ́ńbà: àwọn ọ̀gá á ní kí ìwà ọ̀daràn dínkù kíá, kò lè dínkù, àwọn ọmọ abẹ́ wọn á wá lọ kọ ìdigunjalè sínú ìwé bí olè lásán, nọ́ńbà á wálẹ̀, wọ́n á gba ìgbéga. Major Colvin ní òun ò ṣe, ó wá ibì kan tí òun ò ti ní mú àwọn tó ń ta oògùn. Ẹ wo ibẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún wò ó lóru, kẹ́ ẹ tó pinnu bóyá ó ṣe dáadáa. Síísìn kẹrin ni iléèwé, àwọn ọmọ mẹ́rin, Prez náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, ẹ mú aṣọ ìnujú dání. Kì í ṣe àròsọ lásán náà: Ed Burns tó bá David Simon kọ fíìmù yìí, ọlọ́pàá Baltimore ni kó tó di tíṣà, Simon náà sì ti fi ọdún gbọọrọ ṣe akọ̀ròyìn ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá fún Baltimore Sun. Síísìn karùn-ún kò tó àwọn tó kù lójú tèmi, ẹpisóòdù mẹ́wàá péré ni, ẹ ṣáà wò ó parí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ta sánsán ju báyìí lọ, The Shield ló kàn, òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Los Angeles ni, ohun tí ikọ̀ ọlọ́pàá kan ṣe ní ẹ̀ka ọlọ́pàá Rampart níbẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1990 ló fún wọn ní èrò ẹ̀. Ikọ̀ àkànṣe tí àwọn ọ̀gá fún láyè kí wọ́n tẹ òfin mọ́lẹ̀ torí pé wọ́n ń mú ọ̀daràn. Àwa tá a mọ bí wọ́n ṣe dá SARS sílẹ̀ torí adigunjalè àti bó ṣe wá parí sí ní 2020, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún wa ṣá. Vic Mackey ni ọ̀gá wọn nínú fíìmù, ó ń ṣàwàdà, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ ẹ̀, ẹ máa fẹ́ràn òun náà kíákíá, ó sì ń dà mí láàmú bó ṣe rọrùn tó. Ẹ ṣáà má dìde lórí àga kí ẹpisóòdù kìíní ẹ̀ tó parí tán, ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa sọ fún yín irú èèyàn tẹ́ ẹ ti ń bá rẹ́rìn-ín láti wákàtí kan.