Bí Ẹ Bá Ń Kó Iyẹ̀pẹ̀ Tí Òjé Ti Bà Jẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Òjé (lead) kì í rùn, kì í ta ni lójú, kì í hun ni lára. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́, irú èyí tó wà ní Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, fi lè ṣiṣẹ́ fún oṣù gbáko kó sì máa rò pé ara òun le. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọ àgbàlagbà lára: eruku tí imú fà, àti èyí tí ọwọ́ gbé dé ẹnu. Àṣìṣe tó burú jù, inú kòtò kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnu ọ̀nà àbájáde ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti eruku kúrò. Ẹ má gbá iyẹ̀pẹ̀ náà ní gbígbẹ, ẹ má sì fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ara yín. Eruku tí ojú ń rí tètè ń balẹ̀; èyí tí ojú kò rí ló ń léfòó pẹ́, òun ló sì ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ́n omi sí i kí ṣọ́bìrì tó kàn án, àti nígbà tí ẹ bá ń dà á sínú típà. Kó kàn rin ni; tí omi bá ti ń ṣàn, ó ń gbé òjé lọ sí gọ́tà àdúgbò.

Ìbòmú aláwọ̀ búlúù tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò wúlò níbí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni eruku ń gbà wọlé. Èyí tó yẹ ni respirator onírọ́bà tó bo imú àti ẹnu, pẹ̀lú fílítà P100, irú èyí tó ń dá eruku tí ojú kò rí dúró. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ awọ, nítorí náà ẹ fá a. Kí ẹ tó wọlé, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú fílítà, kí ẹ fa èémí: rọ́bà náà gbọ́dọ̀ fà mọ́ ojú, kó sì dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí epo rọ̀bì bà jẹ́ ni, bíi ti Ogoni, fílítà eruku nìkan kò tó. Oru benzene, kẹ́míkà olóró inú epo rọ̀bì, ń gba àárín rẹ̀ kọjá, kátíríìjì èédú tí wọ́n ṣe fún oru kẹ́míkà ló ń dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ píọ̀-wọ́tà ló ń dunni jù. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ nínú oòrùn nílò ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi dù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kòtò ni fọ́rómánù máa ń gbé àpò omi náà sí. Eruku bà lé ọ̀rá, ọwọ́ tó dọ̀tí mú un, eyín já a, òjé wọ ẹnu. Ẹ gbé omi sẹ́yìn okùn ààlà tí ẹ ta yí ibi iṣẹ́ ká, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Kí òṣìṣẹ́ bọ́ aṣọ ìta, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú, kó sì fi síṣọ́ọ̀sì gé ọ̀rá. Obì, ẹ̀pà, pákò àti sìgá kò gbọ́dọ̀ kọjá okùn yẹn rárá.

Nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ooru máa ń mú kí wọ́n kọ́kọ́ já ìbòmú. Àkókò yẹn gan-an ni eruku ń gbọ̀n kúrò lára aṣọ. Ìbọ̀wọ́ méjì ni ẹ wọ̀, ọ̀kan lórí èkejì: bàtà àti ìbọ̀wọ́ òde ni ẹ kọ́kọ́ fọ̀, kí ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ òde, kí ẹ ká aṣọ iṣẹ́ sísàlẹ̀ kí inú rẹ̀ di òde. Ìbòmú tẹ̀ lé e, ìbọ̀wọ́ inú ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ẹ fọ ọwọ́ àti ojú, kí ẹ wẹ̀.

Aṣọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ délé. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàtà, àpò òfìfo, àti iyẹ̀pẹ̀ “díẹ̀” láti fi dí kòtò iwájú ilé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa, nítorí pé inú ilé ni àwọn awakùsà ti ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú. Ìwọ̀nba tí àgbàlagbà lè gbé láìmọ̀ lè ba ọpọlọ ọmọ ọdún méjì jẹ́. Aboyún kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, torí òjé ń kọjá sára oyún.

Wàrà àti epo pupa kì í yọ òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn wà fún un nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kì í wúlò fún ẹni tó ṣì ń padà sínú eruku. Ní Zamfara pàápàá, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ olóró kúrò nínú ọgbà ilé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fò. Ẹ ṣe é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ ohun tí iṣẹ́ náà fi kún un. Òfin Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ ìkọ́lé ní kí wọ́n máa ṣe é lóṣù méjì-méjì fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì mú ẹni tí tirẹ̀ bá dé máíkírógíráàmù 50 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òjé. Ẹ má dúró dìgbà náà, torí ìpalára ti ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ iye yẹn. Inú rírun, àìlèyàgbẹ́ àti orí fífọ́ ni àmì rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà. Tó bá jẹ́ ìka ni wọ́n fẹ́ gún, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa ṣáájú, torí eruku orí awọ lè mú èsì náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ga, ẹ ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan apá láti fi ṣe àyẹ̀wò kejì.