Ẹni Tó Já Bọ́ Lórí Ọ̀pẹ: Ẹ Má Gbé E Jókòó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ará ilé ní àwọn abà tó yí Òṣogbo ká la kọ èyí fún. A ò bá ti igbà àti ọ̀pẹ gígùn wá. Ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí akọ̀pẹ bá já ló ń dùn wá. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí ẹni méjì á ti dì í mú lábíyá, ẹnìkan á gbá a lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n á gbé e jókòó, wọ́n á máa da omi lé e lórí. Láìpẹ́ wọ́n á há a sáàárín ọlọ́kadà àti ẹni tó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó ń mì nídìí ọ̀pẹ lè má mì mọ́ kí wọ́n tó wọ ìgboro.

Eegun ẹ̀yìn ní ihò láàárín. Ibẹ̀ ni mùdùnmúdùn ẹ̀yìn gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ọpọlọ. Ti àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ó nípọn bí ìka ọmọńdinrín, ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ewé rẹ̀. Gbòǹgbò iṣan (iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ara) 31 ló ń yọ lára rẹ̀ lápá ọ̀tún, 31 lápá òsì: 8 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, 5 ní ìbàdí, 5 ní eegun ìdí, 1 ní ṣóńṣó ìdí. Ti ọrùn ló ń mú apá ṣiṣẹ́. Ìkẹta sí ìkarùn-ún níbẹ̀ ló ń jẹ́ ká mí. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ló ni ẹsẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́. Bí eegun bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ lè wà létí mùdùnmúdùn láì tíì gé e. Ẹni tó gbé akọ̀pẹ náà jókòó ló máa ti àfọ́kù náà wọlé. Mùdùnmúdùn tó bá ti gé, wíwọ́ kò lè so ó, àgbo kò lè so ó.

Nítorí náà, ẹ fi ẹni tó já bọ́ sílẹ̀ níbi tó wà, àfi bí iná tàbí omi bá ń bọ̀ wá bá a. Ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Kí ẹnìkan kúnlẹ̀ lókè orí rẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orí mú létí ọ̀tún àti òsì, kó má tọ́ ọrùn. Ẹ ní kó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ rántí ohun tí ẹ rí, dókítà á bi yín. Ẹ má fún un ní omi mu. Bó bá ń bì, ẹni 4 ni kó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó di orí ni kó ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ bá ní láti gbé e fúnra yín, pátákó tàbí ilẹ̀kùn tó gùn jù ú lọ ni kí ẹ lò: ẹ ká aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, ẹ dè é ní àyà, ìbàdí àti itan. Bọ́ọ̀sì tàbí píkọ̀ọ̀pù ni, kì í ṣe ọ̀kadà rárá. Ilé ìwòsàn ìjọba Asubiaro tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN, ní Òṣogbo, ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun.

Bó bá padà wálé láì lè rìn, ẹ máa yí i padà ní wákàtí 2 síra, tọ̀sán tòru. Kì í mọ ìgbà tí awọ ìdí rẹ̀ ń bó. A ti rí egbò tó jìn dé eegun nílé tí èèyàn pọ̀ sí. Ẹ pín òru láàárín ara yín.

Ẹ̀yìn dídùn tó ń sọ̀ sí ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn tí èèyàn gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ yàtọ̀: gbòǹgbò iṣan kan ni nǹkan ń tẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, bí abẹ́ àti ìdí bá kú tipiri, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ẹ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bó jẹ́ ọjọ́ ọjà.