Bí Mo Ṣe Wo Kẹ̀kẹ́ Oníná Mi Sàn Lọ́wọ́ Gbígbọ̀n

Kẹ̀kẹ́ oníná tí mo ń gùn láàárín Adó-Èkìtì àti Ìkéré, tí mọ́tò rẹ̀ wà láàárín táyà ẹ̀yìn láìní gíà, bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lẹ́yìn òjò ńlá kan, ó sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta nígbàkúùgbà tí mo bá ń gbéra, pàápàá lórí òkè. Mo kọ́kọ́ fura sí bẹ́rìn, irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa iná, tí mo gbé táyà sókè, tí mo sì fi ọwọ́ yí i, kò dún rárá. Mo wá mọ̀ pé ọ̀dọ̀ iná ni kí n wò.

Sensọ̀ Hall 3, àwọn ẹ̀rọ kékeré inú mọ́tò tí ń mọ agbára mágínẹ́ẹ̀tì, ni ó ń sọ ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì mọ́tò wà fún kọ̀ǹtúróólà, àpótí tí ń pín iná fún mọ́tò, kí ó lè mọ wáyà mọ́tò tí yóò fún ní iná. Mo tan iná padà, mo fi mítà tí ń wọn fóltì wo wáyà sensọ̀ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ti rọra ń yí táyà: méjì ń lọ sókè sódò láàárín 0 àti fóltì 5, ẹ̀kẹta sì dúró sójú kan. Omi ti wọ ojú ìsopọ̀ rẹ̀, ó ti dípẹtà. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo fi òjé jó wáyà náà pọ̀, mo fi rọ́bà bò ó dáadáa, mo sì fún nọ́ọ̀tì ìhà méjèèjì táyà náà le. Láti ìgbà náà, ó ń gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́.