Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọ̀nà àti Àkókò Ìrìn-àjò Ọkọ̀ Òfúrufú láti Èkó sí New York

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí New York ṣe jìnnà sí Èkó tó, kó má fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù ara ògiri, nítorí pé ayé rí róbótó, ìwé sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wá àwòrán ayé tó rí bí bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì na òwú ṣinṣin láti ìlú kan dé èkejì. Òwú náà yóò gba orí Burkina Faso, Málì àti aṣálẹ̀ Mauritáníà kó tó bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì, bó bá sì fi máa dé agbedeméjì òkun, yóò ti fi ohun tó ju 600 kìlómítà lọ wà ní àríwá ìlà tí rúlà fà. Ọ̀nà yìí ló kúrú jù lọ, ó sì tó nǹkan bíi 8,440 kìlómítà.

Eré ọkọ̀ òfúrufú ńlá lókè máa ń tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá fi èyí pín 8,440, a óò rí wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Ẹ fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀, kí ẹ sì ro ti atẹ́gùn líle tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lókè òkun. Ó ń dojú kọ ẹni tó ń lọ, ó sì ń ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àlọ fi máa ń gbà tó wákàtí 11 sí 12, tí àbọ̀ sì máa ń wà láàárín 10 sí 11.

Aago ara tíkẹ́ẹ̀tì ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù. Aago ìlú tí ọkọ̀ wà ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá bá sọ pé ẹ óò kúrò ní Èkó ní aago 11 alẹ́, tí ẹ óò sì dé New York ní aago 5 ìdájí, ẹ má rò pé wákàtí mẹ́fà péré ni. Ẹ kọ́kọ́ yí aago ibi tí ẹ ń dé padà sí ti ibi tí ẹ ti gbéra: aago 5 ti New York jẹ́ aago 11 àárọ̀ l'Ékòó, nítorí náà wákàtí 12 ni ìrìn-àjò náà. Láti ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sún aago wọn síwájú, wákàtí márùn-ún ló sì máa ń wà láàárín ìlú méjèèjì nígbà náà, torí pé Nàìjíríà kì í yí tirẹ̀ padà. Ní àbọ̀, ẹ wo àmì +1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Ọjọ́ kejì ni ẹ óò balẹ̀.

Bí ẹ bá gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá, 5,000 kìlómítà àkọ́kọ́ àti 5,540 tó kù yóò fi nǹkan bíi 2,100 lé ọ̀nà tààrà. Ìyẹn kò tíì ká ènìyàn lára tó ìdúró ní pápákọ̀ òfúrufú, èyí tó lè jẹ́ odindi òru kan, nítorí náà àròpọ̀ wákàtí ni kí ẹ fi ṣe ìfiwéra kí ẹ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú.