Bí wọ́n bá kọ quetiapine fún yín nítorí àìróorunsùn

Oògùn àrùn ọpọlọ ni quetiapine. 25 sí 100 mílígíráàmù ni wọ́n sábà ń kọ fún oorun. Kékeré yẹn náà kì í ṣe omi o: ó lè mú yín sanra, kí ṣúgà sì lọ sókè. Ẹ wọn ara yín, ẹ ṣàyẹ̀wò ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3.

Bí ìtọ̀ bá jí yín lóru, ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ bí ẹ bá dìde lójijì, kí òòyì gbé yín ṣubú. Ẹ má fi ọtí ti oògùn náà.

Bí ẹ ò bá lè jókòó jẹ́ẹ́, tó ń ṣe yín bíi kí ẹ ṣáà máa rìn, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má dá oògùn náà dúró lójijì. Oorun lè dá lójú yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà yóò bá yín dín in kù.