Tòkunbọ̀ ni, àbí tinú páálí? Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí yíyan láptọ́ọ̀pù

Bí ẹ bá dé Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń wọlé, ẹ ó rí irú ọjà yìí: láptọ́ọ̀pù méjì lórí gíláàsì kan náà, owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan ṣì wà nínú páálí, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, wọn ò tíì ṣí ọ̀rá ojú rẹ̀. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀ dúdú tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nílùú òyìnbó láti 2018, igun rẹ̀ ti họ. Òbí á na ọwọ́ sí tinú páálí. Ọmọ á ní kí wọ́n bá òun wá èyí tí wọ́n lẹ i7, orúkọ processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) ti Intel, mọ́ lára. Àwọn méjèèjì sì lè ṣì í.

À ń ra láptọ́ọ̀pù bí ẹni ń ra búrẹ́dì: èyí tó bá ṣì gbóná la fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ńlá ní 2018, àti èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá kí ó ṣáà lè pọ́ọ́kú, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ọdún kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Tuntun tí inú rẹ̀ ti gbó

Ẹ má sanwó tinú páálí láìka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ páálí náà. Bí ẹ bá rí processor Celeron N4020, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB àti eMMC 64GB, ẹ rọra gbé e padà. Ọdún 2019 ni N4020 jáde, core méjì péré ló ní, ìyẹn òṣìṣẹ́ méjì nínú processor, bó ti wù kí páálí náà mọ́ tó. eMMC ni irú ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń fi sínú fóònù olówó kékeré. 64GB sì ni Windows 11 fúnra rẹ̀ kà sí èyí tó kéré jù tí òun lè gbà. Tí ẹ bá wá fi Word àti Chrome kún un, àyè tó kù kò ní tó fún update ńlá. Á bẹ̀rẹ̀, á já, á tún bẹ̀rẹ̀, dátà yín ló sì ń jẹ. Wọ́n sábà máa ń jó RAM àti eMMC náà mọ́ bọ́ọ̀dù, nítorí náà ó ṣòro kí ẹ yọ wọ́n fi èyí tó tóbi sí i.

AMD, tó ń bá Intel figagbága nídìí processor, náà ní tiẹ̀. Ryzen 3 7320U jáde ní 2022, nọ́ńbà 7000 tó wà lára rẹ̀ sì ń jẹ́ kéèyàn rò pé tuntun ni látòkè délẹ̀. Nínú àwọn nọ́ńbà 7000 ti láptọ́ọ̀pù, ẹyọ kẹta ni kí ẹ wò: òun ló ń sọ irú ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀. 7320U ní 2 níbẹ̀, ìyẹn Zen 2, tí wọ́n ti ń lò láti 2019. 7530U ní 3, ìyẹn Zen 3, ó dára jù ú lọ dáadáa. Àwọn tó fún un lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

A ò sọ pé kí ẹ sá fún tuntun o. Bí owó bá gbé e, i3-1215U tàbí Ryzen 5 5500U pẹ̀lú RAM 8GB àti SSD (ibi ìpamọ́ tó yá ju hard disk onírin lọ) 256GB jẹ́ ẹ̀rọ gidi, core mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Tuntun tó pọ́ọ́kú jù lọ ni a ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

i7 tó ti darúgbó

"i7 ju i5 lọ." Òótọ́ ni, bí wọ́n bá jẹ́ ìran kan náà. i7-4600U jáde ní 2013, core méjì ló ní. i5-8250U jáde ní 2017, ó ní mẹ́rin. Oyè tí ẹ bá fi jẹ òṣìṣẹ́ méjì kò ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́rin. Kódà i7-7500U tó jáde ní 2016, core méjì náà ni. Ìran kẹjọ, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 8th gen, ni i5 inú láptọ́ọ̀pù tó fẹ́lẹ́ ti kúrò ní méjì bọ́ sí mẹ́rin. Ìdí kan nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ.

Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7 náà. Bí ó bá fi 2 títí dé 9 bẹ̀rẹ̀, ẹyọ àkọ́kọ́ yẹn ni ìran rẹ̀: i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. Bí ó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, ẹ mú méjì: i7-10510U jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 jẹ́ ìkọkànlá, i5-1235U jẹ́ ìkejìlá. Lẹ́tà U sọ pé kì í jẹ iná púpọ̀, nǹkan bíi 15W. H ń jẹ tó 45W, iṣẹ́ tó le ni wọ́n ṣe é fún.

Sítíkà kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè ra sítíkà. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU: orúkọ á hàn lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, inú BIOS, ojú ìṣètò tí ẹ̀rọ ní kí Windows tó ṣí, ni kí ẹ ti kà á. Bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn: F10 ni ti HP, F2 ni ti Dell, F1 ni ti ThinkPad. Ẹ má sì gba orúkọ ara ẹ̀rọ gbọ́ pátápátá. ThinkPad T480 tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìran kẹjọ, Lenovo tún tà á pẹ̀lú i5-7300U tó jẹ́ ìran keje. Ara kan náà, kíbọ́ọ̀dù kan náà, core méjì.

Windows 11 náà, ìran kẹjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Intel níwọ̀nba òfin rẹ̀. Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Bí ẹ bá rí Windows 11 lórí ẹ̀rọ ìran kẹrin, wọ́n fi ọgbọ́n gbé e gba ẹ̀yìn ni. Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí update fún un. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ fi Linux Mint, tó lè rọ́pò Windows lọ́fẹ̀ẹ́, sí i, ẹ máa lò ó lọ. Ẹ má ṣáà fi owó tuntun rà á.

RAM tí kò ṣeé fi kún

Àṣìṣe yìí ló ń mú àwọn tó gbọ́n díẹ̀. Wọ́n á ra 8GB pẹ̀lú èrò pé, "Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá sọ ọ́ di 16." Wọ́n á wá ṣí ìdí rẹ̀, wọn ò rí ojú ihò kankan. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tuntun, tó sì ń fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. T480 ní ihò RAM méjì. T490 tó tẹ̀lé e ní ẹyọ kan, wọ́n ti jó ìyókù. X1 Carbon, ThinkPad tó fẹ́lẹ́, kò ní rárá. Níbí, àtijọ́ ló borí tuntun.

Ẹ padà sí ojú Performance yẹn, ẹ tẹ Memory. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n kọ Form factor sí, bí ẹ bá rí SODIMM, ó ṣeé yọ. Bí ẹ bá rí Row of chips, wọ́n ti jó o. "Slots used: 1 of 2" sì sọ pé àyè kan ṣófo. Ẹ béèrè bóyá 8GB náà jẹ́ ẹyọ kan tàbí 4 àti 4, nítorí pé 4 àti 4 ti kún ihò méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò. DDR3, DDR4 àti DDR5, ìyẹn ìran RAM, kì í wọ ilé ara wọn, ibi tí wọ́n gé sí létí wọn yàtọ̀.

Word, PDF àti SPSS kò ní da 8GB láàmú. Bó bá jẹ́ Revit tàbí SolidWorks tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, tàbí Android Studio tí wọ́n fi ń ṣe app fóònù, ẹ wá 16GB.

Bátìrì àti iná

Ní ìlú wa, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ á wo processor, á wo RAM, á sì gbàgbé pé iná lè má wá títí di alẹ́.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá yọ, ẹ kọ powercfg /batteryreport. Á sọ ibi tó gbé ìwé náà sí, ẹ fi Chrome ṣí i. Nọ́ńbà méjì ni ẹ ń wá: DESIGN CAPACITY, ìyẹn ohun tí bátìrì náà lè gbà nígbà tó jẹ́ tuntun, àti FULL CHARGE CAPACITY, ohun tó lè gbà lónìí. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 50,000 mWh, tí èkejì jẹ́ 27,500. Bátìrì yẹn ti ku ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ Word àti íntánẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀rọ U ń jẹ bíi 9W, nítorí náà bí ẹ bá fi 9W pín 27,500 mWh (ìyẹn 27.5Wh), wákàtí mẹ́ta ló kù fún yín, dípò márùn-ún ààbọ̀. Ẹ fi ìyẹn ná owó, tàbí kí ẹ ka owó bátìrì tuntun mọ́ iye tí ẹ máa ná.

Bí bátìrì ẹ̀rọ 2018 bá wá sọ pé nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba géérégé, ẹ fura. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ṣíìpù inú rẹ̀ ń parọ́. Ẹ yọ ṣájà, ẹ fi fídíò sí i pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ lókè pátápátá fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá sọ̀ ní ìdá 6 sí 10, ó dára. Bí ó bá sọ̀ ní 20, tàbí tó fò láti 60 já sí 25 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún gbé e lé gíláàsì tó tẹ́jú: bí ó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, tàbí tí ojú táápádì ti gbé sókè, bátìrì ti wú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ó lè gbiná.

Ohun tí tuntun fi ju àtijọ́ lọ nípa iná ni ṣájà Type-C. Ẹ̀rọ tó bá ń gba 65W lójú Type-C, ìyẹn 20V lọ́nà 3.25A, ẹ lè fi power bank tó ń gbé 65W jáde sí i nígbà tí iná bá lọ. Ṣájà fóònù 18W kò ní tó o. Ṣùgbọ́n T480 ní ìdáhùn àgbà sí i: bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ lè yọ tẹ̀yìn láìlo irinṣẹ́, kí ẹ ti èyí tó kún bọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ géèmù tí ṣájà rẹ̀ jẹ́ 180W kì í ṣe ti ẹni tó ń lo ìnfátà kékeré.

Bó bá jẹ́ Dell tí ṣájà rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tín-ínrín láàárín ẹnu, ẹ wo abẹ́rẹ́ náà. Òun ni ẹ̀rọ fi ń dá ṣájà mọ̀. Bí ó bá ti kán, ẹ̀rọ á tàn, ṣùgbọ́n bátìrì kò ní kún, processor náà á sì máa falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èyí pààrọ̀ bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀rọ tó ṣì ní ọ̀gá

Ilé iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ ti wá, kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ náà sì lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ wọ BIOS níwájú ọlọ́jà. Bí ó bá béèrè password tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ dìde. Lórí àwọn EliteBook ti HP àti Latitude ti Dell tó jẹ́ tuntun díẹ̀, yíyọ bátìrì kékeré inú bọ́ọ̀dù kò ní pa á rẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ kejì burú jù, nítorí pé kì í hàn. Ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún Windows rẹ̀ ṣe, tí ó bá kan íntánẹ́ẹ̀tì, á kí yín káàbọ̀ sí ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè, á sì ní kí ẹ kọ ímeèlì òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Microsoft ni orúkọ ẹ̀rọ yẹn wà, nítorí náà àtúnfi Windows kò lè yọ ọ́. Ọlọ́jà tó mọ̀ á ti fi Windows sí i láìtan íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣe Reset rẹ̀, kí ẹ sì fi hotspot fóònù yín kàn án nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀. Á gba àkókò, dátà díẹ̀ á sì lọ. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, ẹ ti gba èsì. MacBook láti 2018 náà ní tirẹ̀: ẹ rí i dájú pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti jáde kúrò nínú iCloud.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ojú tó ní píkísẹ́lì 1366 sí 768 tó ń ṣókùnkùn bí ẹ bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á. 1920 sí 1080 ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀ nítorí pé hard disk onírin ló wà nínú rẹ̀, SSD ló ń fẹ́, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù míì. Eruku ọyẹ́ wa sì ń dí fáànù: ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń hó láìsí iṣẹ́ kankan, fífọ̀ àti thermal paste (ìpara tó ń gba ooru kúrò lára processor) tuntun wà nínú ohun tí ẹ máa ná.

Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà sórí risíìtì, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Èyí tó wà nínú BIOS ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ ìdí, torí pé wọ́n lè ti pààrọ̀ ìdí.